Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Inú páálí ló ti wá, bíi bàtà tuntun:
irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nọ́ọ̀tì nínú ọ̀rá,
rọ́bà tí yóò máa fà á lọ fà á bọ̀,
igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ike ni gbogbo wọn.
Mo tò ó lórí tábìlì nílé wa ní Kakuri,
mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà,
mo ní kó gbẹ́ orúkọ bàbá mi sára ọ̀gànwó.
Fọlọ́runṣọ́.
Ó gbẹ́ ẹ lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n àmì mẹ́rin tó yẹ kó wà lábẹ́ lẹ́tà,
róbótó bí ọkà bàbà,
ọ̀kan gùn bí ẹyin aláǹgbá,
ọ̀kan fẹjú,
ẹ̀kẹta yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó sá nílé ìwé,
ẹ̀kẹrin, n kò rí i rárá.
Bàbá mi fọwọ́ pa pákó náà.
"Orúkọ ta ni o kọ síbí?"

Mo bú ẹ̀rọ náà, mo bú ẹni tó ṣe é.
Bàbá mi ò gbọ́.
Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ
ti kó etí rẹ̀ lọ;
àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gbọ́ràn.
Ó gbé e lé tábìlì bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́,
ó dijú, ó na ìka sápá òsì:
"Ibí yìí ló ti ń mì. Rọ́bà á nà, á tún súnkì.
Ẹ̀rọ rẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Egungun ni kò ní."

Ó di Panteka.
Ọyẹ́ ti dé, eruku bo ọjà bí ìyẹ̀fun,
iná wẹ́dà ń kọ yẹ̀rì nínú rẹ̀.
Málàm Tanimu, obì lẹ́rẹ̀kẹ́, wo bébà mi:
igun alumíníọ̀mù, kò le.
Ọ̀pá oníṣikúrù ńkọ́?
Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ,
ó gbé méjì bọ̀, nínú gírísì àti àpò sìmẹ́ǹtì.
Ó tutù. Ó tọ́ bí ọ̀rọ̀ olóòótọ́.
"Ilé-iṣẹ́ aṣọ ni," ó ní, "nígbà tí wọ́n ń tú u tà ní kílò."
A ná an, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.
Ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì nígbà tó gbọ́ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Bàbá mi tú àpò náà,
ó fi èékánná ha gírísì, ó gbóòórùn rẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó pẹ́ kó tó ní kí n lọ mú sípánà òun wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Rọ́bà bọ́ sílẹ̀, irin gba ipò ike,
mótò tó ń ké bí ẹ̀fọn fàyè sílẹ̀ fún àgbà rẹ̀.
Mo gé ìró ìyá mi kan, mo rán an bò ṣikúrù
kí eruku ọyẹ́ má baà wọ̀ ọ́.
(Ìyá mi ò tíì mọ̀.)
Mo so wáyà kan sódì: ẹ̀rọ sáré sẹ́yìn,
ó forí sọ irin, bítì ṣẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, pákó méjì di igi ìdáná,
kí Bitrus tó ń tún fóònù ṣe tó yá mi ní bátìrì.

Alẹ́ Jímọ̀, a tàn án.
Kò ké mọ́. Ó ń kùn, bí ẹni tó ń ro nǹkan.
Lẹ́búlẹ́bú igi ń tú jáde, pupa bí osùn.
Bàbá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì.
Mo ń dúró de àléébù.
"Ẹ̀rọ kejìlá," ó ní. "Ìlà kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."
N kò mọ̀ bóyá irin ibẹ̀ ni. N kò bi í.

Nígbà tó tán, ìka rẹ̀ wá abẹ́ lẹ́tà lọ:
ọ̀kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta.
Ẹ̀kẹrin wà níbẹ̀, róbótó;
ẹ̀kán omi kan lè jókòó sínú rẹ̀.
Iná ilé lọ, bó ti máa ń ṣe.
Nínú òkùnkùn mo ṣì ń gbọ́ ìka náà lórí igi,
ó ń padà síbi F.